Òfin Sista Kolẹ́ta àti Ìka Màmá

Ní ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹrin girama, ìró ìgbálẹ̀ Màmá ló ń jí wa ní Elekahia, ní Port Harcourt. Kì í dúró de iná, kì í dúró de omi. Bó bá ti kírun òwúrọ̀ tán, á mú ìgbálẹ̀, á gbá iwájú ilé wa tán, á sì gbá a dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará Kalabárì tí ògiri wa jọ pààlà. Ìyá ilé náà á yọrí lójú fèrèsé, á ní, "Mama, well done o," Màmá á sì dáhùn pé, "Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé ẹ jí dáadáa?" Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí ẹnìkejì wí. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìnkùlé, òmíràn á dá a lóhùn, ìyá mi á sì ké sí mi láti ilé ìdáná pé kí n wá gbé omi gbígbóná lọ fún bàbá mi, nítorí báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ àwáwí ẹni tó pẹ́ dé. Ìyá mi fúnra rẹ̀ á ti di ẹrù rẹ̀. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ló ń tà ní ọjà Rumuokoro, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ rí oníbàárà àárọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn ṣáájú òun dé ọjà. Lónìí tí mo bá jí, èérí èéfín dúdú tó ń bọ́ sílẹ̀ láti ojú ọ̀run ìlú yìí ni mo ń nù kúrò lójú fèrèsé. Nígbà náà, eruku àti ewé máńgò nìkan ni ìgbálẹ̀ Màmá ń kó.

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìlá ló ti wá bá wa, lẹ́yìn tí bàbá ìyá mi kú tí ilé sì di òfìfo mọ́ ọn lára. Mùsùlùmí ni, ìyá mi náà sì ti bá a kírun rí kó tó di aya ọmọ Áńgílíkà. Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn nílé wa. Lọ́jọ́ Àìkú, a máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá á se èkuru sílẹ̀ dè wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro ni ẹnu àwa ọmọ. Èmi àti àbúrò mi Tọ́pẹ́, Port Harcourt ni wọ́n bí wa sí. Píjìn la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà, òun la fi ń sunkún. Yorùbá tiwa kò ju ti ìkíni àti ti oúnjẹ lọ. Bí Màmá bá ní, "Àbẹ̀kẹ́, bá mi mú igbá tó wà lórí ìkòkò," mo lè gbé ìkòkò náà wá kí n fi igbá sílẹ̀. Á wò mí títí, á ní, "Ṣé etí ni kò gbà á ni, àbí ẹnu mi ni?" Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn mo máa ń rí i tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo géètì, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ó sọ fún ìyá mi nígbà kan pé, "Rìsì, ìlú tí wọn ò bá ti gbọ́ èdè ẹni, èèyàn kì í tú ẹrù rẹ̀ tán níbẹ̀." Òótọ́ sì ni, nítorí àpò ńlá tó gbé wá láti Ìlá ṣì wà lábẹ́ ibùsùn pẹ̀lú okùn lọ́rùn.

Ilé-ìwé àwọn Àgùdà, ti obìnrin nìkan, ni bàbá mi fi mí sí, nítorí ó gbàgbọ́ pé ẹni tí àwọn sista bá tọ́, ẹnu rẹ̀ kì í já a kulẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Sista Kolẹ́ta ló ń kọ́ wa ní èdè Òyìnbó. Obìnrin gíga ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ìborí rẹ̀ a máa bo etí rẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan lẹ́yìn kíláàsì tí kì í gbọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò kọ́ wa ní nǹkan kan. Ó pín ìwé pélébé kan fún wa, ohun tó ń retí lọ́wọ́ wa ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní kí a máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ká kà á sókè. Láti ìgbà tí agogo bá lù di ìgbà tí yóò tún lù, èdè Òyìnbó nìkan; ká fi Píjìn wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ ẹnu géètì, kò ní jí i lò. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá ti wà lórí tábìlì òun ká tó tò fún àdúrà òwúrọ̀. Ẹni tó wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ àti ẹni tó ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, òdo ni àwọn méjèèjì yóò gbà. Àròkọ tí kò bá dára, a ó tún un kọ títí yóò fi dára, òun kò sì ní bínú, kí àwa náà má bínú. Ìlà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti kà ni mi ò gbàgbé títí dòní: "Mo retí pé ẹ ó ṣìṣe. Mi ò retí pé ẹ ó dákẹ́." Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ti ìwé kíkà. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ojú ewé kan sókè nílé, kí àgbàlagbà tó gbọ́ ọ sì fọwọ́ sí abẹ́ ọjọ́ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Máàkì rẹ̀ wà nínú ti ìdánwò, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi nínú èdè Òyìnbó yóò tún kíláàsì náà ṣe.

Mo ń ronú bọ̀ nínú ọkọ̀ pé ta ni yóò gbọ́ mi. Bàbá mi kì í dé títí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n á fi parí, oorun á sì máa gbé e lọ pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́. Ìyá mi kì í kúrò ní Rumuokoro títí àwọn oníbàárà ìrọ̀lẹ́ á fi tán. Àgbàlagbà kan ṣoṣo tó wà nílé ni Màmá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo wá ọ̀rọ̀ títí.

"Màmá, tísà wa ní kí n máa kàwé. Kí àgbà máa gbọ́."

"Àgbà wo?"

"Ẹ̀yin."

Ó dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Kí èmi máa gbọ́ èdè Òyìnbó?"

"Ẹ ṣáà máa gbọ́, Màmá. Ẹ ó wá sáìnì."

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni tí àlejò fẹ́ dé bá, ó ní, "Ó dáa. Kà á." Mo ka ojú ewé náà láìsinmi, ìtàn apẹja kan tí ìjì gbé kúrò lójú ọ̀nà. Mo parí, mo na ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò sí i. Kò gbà á. Ó ní, "Kí ló wí?"

"Kí ni kí ló wí?"

"Ìwé tí o kà. O ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ. Kí ni ọ̀rọ̀ náà wí?"

Mo bẹ̀rẹ̀. "Ọkùnrin kan wà. Ó ń pa ẹja. Ó wà nínú… nínú canoe."

"Ọkọ̀ ojú omi."

"Ọkọ̀ ojú omi. Breeze wá gbé e."

"Atẹ́gùn. Ṣé atẹ́gùn lásán ni àbí ìjì?"

Mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn, ni mo bá padà sínú ìwé lọ wò ó. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, títí ọbẹ̀ fi fẹ́ jóná lórí sítóòfù. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi ẹnu bírò kun àtàǹpàkò rẹ̀ dáadáa, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tẹ̀ka síwájú adájọ́.

Ó yé mi nísinsìnyí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹní yẹn. Kí ọdún náà tó dé, mo lè ka ìwé bí rédíò, kí ohun tí mo kà má sì kàn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò yé èèyàn, kò ṣeé sọ fún ẹlòmíràn. Bí mo bá dé ibi tó rú mi lójú, ohùn mi á yára, Màmá á sì gbé ìka sókè: "Ibẹ̀ yẹn ò yé ọ. Padà síbẹ̀." Mo kọ́kọ́ ń bínú. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwé atúmọ̀ èdè dání wá sórí ẹní kó tó pè mí padà. Òun náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀, bó ṣe ń gbálẹ̀, á bi mí bóyá apẹja náà ti rí ilé. Bí mo bá ń fọ àwo, á ní aya apẹja yẹn ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n òun ì bá ti ké pe ará àdúgbò ṣáájú. Ọwọ́ rẹ̀ dí. Kò wo géètì mọ́.

Ní ọjọ́ tí Sista Kolẹ́ta kó ìwé àkọsílẹ̀ wa jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dúró lórí tèmi pẹ́. Ó pè mí síwájú tábìlì rẹ̀.

"Rúùtù, ìka ta nìyí?" Rúùtù ni wọ́n ń pè mí nílé-ìwé. Èdè Òyìnbó ló fi bi mí, òun náà ni mo fi dá a lóhùn.

"Ti ìyá mi àgbà ni, Sista."

"Ṣé ó gbọ́ èdè Òyìnbó?"

"Rárá, Sista."

"Báwo ló ṣe wá gbọ́ ọ?"

Mo ń wo ìka náà nínú ìwé. Sista kò bínú sí mi. Ó kàn sọ pé òfin ni òfin, pé ìka lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, àti pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ìka wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní máàkì, àyàfi kí òbí mi fọwọ́ sí èyí tó kù. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi nínú ilé ìdáná ní Píjìn, kí Màmá má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi kò lè fi nǹkan pamọ́ fún ìyá tó bí i.

"Rìsì, kí ni wọ́n wí nílé-ìwé?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Wọ́n ní kí èmi tàbí bàbá rẹ̀ máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀."

"Kí ló ṣe ìka tèmi?"

Ìyá mi ń ro ọbẹ̀ tí kò nílò ríro.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò tẹ́ ẹní. Nígbà tí mo wọ yàrá tí a jọ ń sùn, mo bá àpò Ìlá lórí ibùsùn, ó ti tú okùn rẹ̀, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ń rò ó pé kí òun padà sílé kí òjò tó le, nítorí òrùlé ilé nílò àmójútó. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má lọ, Yorùbá rẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu, ojú sì tì mí láti sọ ọ́ ní Píjìn. Mo jókòó sórí ibùsùn tèmi, mo ń wò ó. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, Màmá kò bá a jiyàn, aṣọ sì ń wọ inú àpò.

Bàbá mi ló wá fọwọ́ sí ìwé náà. Onínúure ni, kò fẹ́ kí n fìdí rẹmi. Ó dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó tú táì rẹ̀, ó ní, "Gbé e wá," ó sì fọwọ́ sí gbogbo ọ̀sẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti àwọn ọjọ́ tó kọjá àti ti èyí tí kò tíì dé. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi. Sista Kolẹ́ta rí i ní ọjọ́ Ajé, ó sì fún mi ní máàkì pé pérépéré. Nígbà tí mo délé, Màmá bi mí bóyá wọ́n gba ti bàbá mi. Mo ní wọ́n gbà á.

"Ṣé ó gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ sí i?"

"Rárá, Màmá."

Ó ní, "Ẹni tí kò gbọ́, wọ́n ní ó gbọ́. Èmi tí mo gbọ́, wọ́n ní mi ò gbọ́. Àbẹ̀kẹ́, mú mi lọ bá obìnrin náà."

A lọ lẹ́yìn tí ilé-ìwé ṣíwọ́ ní ọjọ́ kejì. Màmá wọ bùbá àdìrẹ rẹ̀, ó fi ìborí funfun tó ń lò fún Jímọ̀ bo orí. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, Sista Kolẹ́ta dìde nígbà tó rí i, ó gbé àga fún un fúnra rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe jókòó kojú ara wọn, ìborí funfun níhìn-ín, ìborí funfun lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń wò wọ́n lójú fèrèsé á rò pé ọmọ ìjọ kan náà ni wọ́n. Èmi dúró láàárín wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì.

"Sọ fún wọn pé mo kí wọn," Màmá ní. "Sọ pé èmi ni mo ni ìka inú ìwé."

Mo sọ ọ́. Sista kí i padà, ó ní, "Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ báwo ló ṣe ń gbọ́ ohun tí o kà."

Mo tú u sí Yorùbá. Màmá ní, "Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Bí kò bá lè sọ ọ́, a jẹ́ pé kò yé òun náà nìyẹn, màá sì ní kó padà síbẹ̀."

Mo tú ìyẹn náà. Sista ń yí bírò rẹ̀ lórí tábìlì. Màmá fi kún un pé, "Bá mi bi wọ́n. Ẹni tó fọwọ́ sí i láìgbọ́, àti èmi tí mo jókòó gbọ́ ọ, èwo nínú wa ni òfin wọn ń wá?"

Níbẹ̀ ni mo dúró. Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Sista ń wò mí, ó ní, "Kí ló sọ?" Màmá náà ń wò mí. "Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má bù ú kù." Ni mo bá sọ ọ́, mi ò bù ú kù. Sista béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, Sista.

Ó dìde, ó lọ síwájú pẹpẹ ìwé, ó sì padà pẹ̀lú ìwé kan tí mi ò kà rí. Ó ṣí i, ó ní kí n ka ìpínrọ̀ kan, kí n sì ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é nílé. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ní kànga, tó sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn ará àdúgbò nígbà ọ̀dá. Mo kà á, mo sọ ọ́ fún Màmá. Màmá ronú, ó ní, "Ta ló gbẹ́ kànga náà? Ṣé òun nìkan ló gbẹ́ ẹ ni?" Mi ò mọ̀. Mo padà sínú ìpínrọ̀ náà, mo sì rí i nínú ìlà tí mo sáré kọjá, pé àwọn ará àdúgbò kan náà ló bá a gbẹ́ ẹ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò. Mo tú ìbéèrè Màmá fún Sista, mo sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìdáhùn wà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìbéèrè tí òun ń fẹ́ bi mí gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Màmá, ó gbàgbé èmi tí mo wà láàárín, ó ní, "Mama, you do well. Make you no stop. This one na big work."

Píjìn ni. Mo wo ilẹ̀. Màmá, tí aládùúgbò wa ará Kalabárì ti fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ ní Píjìn ju bí a ti rò lọ, dá a lóhùn pé, "I dey hear am small small." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Sista wá rántí mi, ó tún ojú ṣe, ó ní ní èdè Òyìnbó tó mọ́ kedere, "Agogo ti lù tipẹ́, Rúùtù. A ò sí nínú kíláàsì."

Kò fagi lé òfin rẹ̀. Ó tún un ṣe ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní ká mú bírò ká kọ ọ́ sí abẹ́ ìwé pélébé náà: àgbàlagbà èyíkéyìí nínú ilé lè gbọ́, ó lè fọwọ́ sí i, ó lè tẹ̀ka, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó kà fún un ní èdè tó gbọ́, kó sì kọ ìbéèrè tí àgbàlagbà náà bi í sílẹ̀. Ìfọwọ́sí tí kò ní ìbéèrè kò ní máàkì. Íbísò, tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ apẹja ní Iwofe, mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sista dá máàkì àwọn ìrọ̀lẹ́ tí Màmá tẹ̀ka padà fún mi. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́ nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní ọwọ́ sista ti tẹ òun. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì béèrè ìbéèrè kan. Màmá ní ìbéèrè yẹn ti rọrùn jù, kó wá òmíràn.

Mo yege nínú èdè Òyìnbó ní ọdún náà. Èmi kọ́ ni mo ṣe ipò kìíní. Màmá kò lọ sí Ìlá, àfi láti lọ kí wọn nígbà ọdún Iléyá, ó sì padà. Ó wà lọ́dọ̀ wa títí mo fi jáde girama. Ohun tó ń mú inú mi dùn jù bí mo bá rántí ọdún yẹn, kì í ṣe ti ọ́fíìsì Sista rárá. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo ti kàwé tèmi tán, Màmá ti ń nu yíǹkì kúrò ní àtàǹpàkò rẹ̀, ni Tọ́pẹ́ bá yọ láti inú pálọ̀. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, tísà tirẹ̀ kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó rán an. Ó di ìwé rẹ̀ mọ́yà.

"Mama, I wan read."

Màmá kò wò ó. "Mi ò gbọ́."

Tọ́pẹ́ dúró sójú kan. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, Màmá fọwọ́ dá mi dúró. Ọmọ náà wo ẹní, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀.

"Màmá," ó ní, "mo fẹ́ ka… mo fẹ́ kàwé fún yín."

Màmá sún sẹ́yìn lórí ẹní, ó sì fi ọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ fún un.